Ta Ló Dúró Ka Ọdún 298?

Bàbá kan ní Iléṣà ló kọ̀wé sí mi pé: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi obìnrin tó wà ní JS3 ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Wọ́n ní kó kọ nípa Arrokoth, òkúta kan tó wà lẹ́yìn gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì. Ibì kan sọ pé ó tó kìlómítà 45, ibòmíràn ní kò ju 30 lọ, òmíràn ní 36, òmíràn tún ní 18. Gbogbo wọn ló sọ pé ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, wọ́n sì tún ní ọdún 298 ló fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan. Ta ló dúró kà á? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń méfò ni? Èwo ni kí ọmọ mi kọ? Ó sì tún ń bi mí bóyá ó lè já lé wa lórí."

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá, ẹ sì bá mi kí ọmọ náà. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí i pé ìbéèrè méjì lẹ dì sínú ẹrù kan. Ó yẹ ká tú u ká tó gbé e. Bí òkúta náà ṣe tóbi tó, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn ká àti iye ọdún tó fi ń yí i, ìyẹn náà ọ̀tọ̀. Ohun tí a fi mọ ọ̀kan kọ́ la fi mọ èkejì. Lójú yín, títóbi ló yẹ kó rọrùn láti mọ̀, ọdún 298 ni irọ́ ńlá. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ọdún 298 yẹn ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ọ̀rọ̀ títóbi ló lé àwọn onímọ̀ sánmà láti Amẹ́ríkà dé Argentina, ó lé wọn dé Senegal, kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa fi í sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ásítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn àwọn òkúta tó ń yí oòrùn ká, tí èèyàn ń gbọ́ orúkọ wọn wà láàárín Mars àti Jupiter. Arrokoth kò sí níbẹ̀. Ẹ kọjá Jupiter, ẹ kọjá Saturn, ẹ kọjá Uranus, ẹ kọjá Neptune tó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, kí ẹ tún rin ìdajì gbogbo ọ̀nà tí ẹ ti rìn látẹ̀yìn wá, kí ẹ tó bá a nínú ọ̀wọ́ àwọn òkúta oníyìnyín tí wọ́n ń pè ní ìgbànú Kuiper. Ìlọ́po 44.6 ọ̀nà tó wà láàárín ayé àti oòrùn ló fi jìnnà sí oòrùn ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn ju bílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ kìlómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ máa ń lo ohun tó lé ní wákàtí mẹ́fà kó tó kan òkúta yìí.

Kì í ṣe pé ẹnì kan kàn ṣàdédé rí i. Wọ́n wá a ni. Ọkọ̀ àwárí New Horizons, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, kúrò láyé ní oṣù kìíní ọdún 2006. Pluto ló ń lọ, ó sì máa débẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2015. Ọkọ̀ tó ń sá báyẹn kò ní ìjánu. Tó bá ti kọjá Pluto, iwájú náà ló ń lọ. Àwọn tó ni ín wá ń wá ohun mìíràn tó lè bẹ̀ wò lójú ọ̀nà. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń fi àwọn awò ńláńlá orí ilẹ̀, èyí tí ẹ̀yin mọ̀ sí telescope, wá apá ibẹ̀. Wọ́n rí nǹkan bí àádọ́ta òkúta, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí epo tó kù nínú ọkọ̀ lè gbé e dé. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà ọdún 2014, wọ́n yí Hubble, awò tó ń fò yí ayé ká, sí apá ibẹ̀. Inú àwòrán rẹ̀ ni Marc Buie, onímọ̀ sánmà kan, ti rí àmì kékeré kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ tí kò rìn. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà 2014 MU69. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni wọ́n tó sọ ọ́ ní Arrokoth, tó túmọ̀ sí sánmà ní èdè Powhatan, èdè àwọn tó ni ilẹ̀ apá Chesapeake ní Amẹ́ríkà kí àwọn òyìnbó tó dé.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí àmì náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ti wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ títí ojú ń dùn mí. Wọ́n máa ya ibì kan náà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún un yà. Ẹ máa jẹ́ kí àwọn àwòrán náà máa tẹ̀ lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà: gbogbo ìràwọ̀ dúró gbọin, àmọ́ ẹyọ kan báyìí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdọ̀tí ojú gíláàsì lọ, á sún díẹ̀, á tún sún díẹ̀. Arrokoth ń rọra rìn débi pé bó bá tilẹ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀ láìdúró, yóò lo bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó tó la ìbú òṣùpá já. Ayé wa tó ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn yẹn. Ẹ na àtàǹpàkò yín síwájú, ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wá di ti òsì: àtàǹpàkò á fò láti ibì kan sí ibòmíràn lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sún un mọ́ imú, ó máa fò jìnnà. Bí ẹ bá nà án síwájú tán, fífò rẹ̀ á dínkù. Ojú ọ̀tún wa ni ayé ní oṣù kẹrin, ojú òsì wa ni ayé ní oṣù kẹwàá nígbà tó ti bọ́ sí òdìkejì oòrùn. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, fífò Arrokoth lára àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ìbú òṣùpá márùn-ún. Iye tó fò yẹn ló sọ bó ṣe jìnnà tó. Àgbékalẹ̀ tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ń lò náà ni, kò sí àfọ̀ṣẹ níbẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ta ló dúró kà á. Kò sẹ́ni tó dúró kà á. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wà ní kékeré tí ẹ ń sọ òkò sí mángòrò. Òkò náà kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ ti mọ̀ pé ó ti tàsé. Ẹ kò dúró dìgbà tó bá balẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé òkò kò ní ìfẹ́ inú. Ibi tó kọjú sí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín àti bí ẹ ṣe fi agbára sọ ọ́ tó ló ti pinnu ibi tó máa já sí. Ilẹ̀ ló ń fà á, ìfà ilẹ̀ kì í sì í le láàárọ̀ kó rọ̀ lálẹ́. Arrokoth náà kò ní ìfẹ́ inú. Oòrùn ló ń fà á. Bí a bá ti mọ ibi tó wà, tí a mọ bó ṣe jìnnà tó, tí a sì mọ ibi tó kọjú sí àti bó ṣe ń yára tó, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà, a sì lè yà á sórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ lè yẹ ọdún náà wò fúnra yín. Johannes Kepler, ará Jámánì, tẹ òfin kan jáde ní 1619 tí ẹnikẹ́ni tó ní kakulétọ̀ lórí fóònù lè lò. Ẹ mú nọ́ńbà tó sọ ìlọ́po ọ̀nà ayé sí oòrùn tí nǹkan náà fi jìnnà sí oòrùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 44.6 lọ́nà 44.6 lọ́nà 44.6. Ẹ máa rí nǹkan bí 88,700. Ó ku kí ẹ wá nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, iye yẹn ló máa jáde. Ẹ gbìyànjú 298 lọ́nà 298. Ṣé ẹ rí i? Bí ẹ bá sì ń rò pé òfin yẹn fúnra rẹ̀ lè jẹ́ irọ́, ẹ dán an wò lára Jupiter, tó jìnnà sí oòrùn ní ìlọ́po 5.2. Ó máa fún yín ní ọdún méjìlá dín díẹ̀. Jupiter ni àwọn èèyàn dúró kà lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìran ló sì ti kà á láìmọye ìgbà, ọdún méjìlá dín díẹ̀ náà ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Òfin tí a ti dán wò lára èyí tí ọjọ́ ayé wa lè ká ni a gbé lọ sára èyí tí ọjọ́ ayé wa kò lè ká.

Mi ò ní tàn yín pé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Bí a bá wo òkúta kan fún ọjọ́ mélòó kan péré, ẹ̀ka ọ̀nà tí a rí kéré, àṣìṣe bí irun orí nínú wíwo lè di àṣìṣe ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pa dà lọ wo ohun kan náà lọ́dọọdún. Nígbà mìíràn, wọ́n á lọ tú àwọn àwòrán àtijọ́ wò bóyá ó wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe sí Sedna nìyẹn, òkúta ńlá tí wọ́n rí ní 2003: wọ́n bá a nínú àwòrán ọdún 1990, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ọ̀nà Sedna gùn débi pé ó ń lo ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún lọ, nọ́ńbà àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ sì máa ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún yàtọ̀ síra. Bí ọmọ yín bá pàdé ìyẹn, kí ó má bínú sí wọn. Ti Arrokoth yàtọ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto, Hubble sì wò ó léraléra. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ kò tilẹ̀ sí lórí ìwé: ní òpin ọdún 2015 ni wọ́n tan ẹ́ńjìnnì New Horizons lẹ́ẹ̀mẹrin láti darí rẹ̀ sí ibi tí ìṣirò sọ pé òkúta náà máa wà ní ọdún mẹ́ta sí i. Kì í ṣe ibi tó wà nígbà yẹn o, ibi tó ṣì ń bọ̀ wá wà ni. Bí ìṣirò ọ̀nà rẹ̀ bá ṣìnà díẹ̀, òfìfo ni ọkọ̀ yẹn ì bá lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ títóbi, níbi tí ojú ti ń tan èèyàn. Ẹ má rò pé bí àmì yẹn ṣe fẹ̀ tó nínú àwòrán Hubble ni òkúta ṣe fẹ̀ tó. Láti ibi tí a wà, wíwo Arrokoth dà bí kí èèyàn dúró ní Èkó kó máa wo owó ẹyọ kan tí wọ́n gbé dání ní Lọ́ńdọ̀nù. Hubble kò lè rí ìrísí rẹ̀. Fífọ́n tí ìmọ́lẹ̀ ń fọ́n nínú awò fúnra rẹ̀ ló ya àmì náà sí bó ṣe rí. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tó kù fún wọn ni bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ti oòrùn ni, òun kàn ń dá a pa dà ni. Ẹ fojú inú wo ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, tí ẹ rí nǹkan funfun lókèèrè nínú pápá. Ó lè jẹ́ adìyẹ funfun. Ó lè jẹ́ ewúrẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ ṣùgbọ́n tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú yín lára méjèèjì lè dọ́gba. Bí ẹ kò bá mọ àwọ̀ rẹ̀, ẹ kò lè mọ títóbi rẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀ kí ẹ lè rí bí ó ṣe burú tó. Bí Arrokoth bá dúdú bí èédú, tó jẹ́ pé 4 péré ló ń dá pa dà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bà á, á jẹ́ pé ìbú rẹ̀ tó kìlómítà 40. Bó bá ń dá 10 pa dà, ó di 25. Bó bá ń dá 21 pa dà, ó di bíi 18. Òkúta kan náà ni, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, àwọ̀ tí a rò pé ó ní nìkan la yí. Ibẹ̀ ni 45 tí ẹ rí ti wá: ní 2014, kò sẹ́ni tó mọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ro bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń ṣókùnkùn, wọ́n sì sọ pé ó máa wà láàárín 30 sí 45. Wọn kò purọ́. Ohun tí mo bá wọn wí fún ni pé àwọn tó ń gbé ìròyìn kiri máa ń gé "láàárín" kúrò, wọ́n á mú nọ́ńbà tó tóbi jù, wọ́n á gbé e sókè bí ẹni pé ìwọ̀n ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Irú rẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí Sedna. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n ní ó lè tó kìlómítà 1,800. Nígbà tí wọ́n wọn ooru tó ń jáde lára rẹ̀, bíi 1,000 ni wọ́n bá.

Ọ̀nà tó dára ju ìmọ́lẹ̀ lọ wà, ó sì wù mí láti sọ ọ́ nítorí mo ti fi ojú ara mi rí i. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé òkúta tó ń rìn gba iwájú ìràwọ̀ kan kọjá, bí ẹni tó gba iwájú àtùpà kọjá. Ìràwọ̀ náà á kú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì tún tàn. Ìràwọ̀ jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ ní gbọọrọ gbọọrọ láìfẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà òjìji tí òkúta náà dá sórí ilẹ̀ ayé kò tóbi ju òkúta fúnra rẹ̀ lọ, kò sì kéré sí i. Lọ́dún tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Gúúsù Áfíríkà, àwa méjì dúró de ásítẹ́rọ́ìdì kan lóru ní apá Sutherland, èmi níhìn-ín, ẹnì kejì mi ní kìlómítà méjìlá sí mi. Òtútù ibẹ̀ ń gé etí. Mo tẹjú mọ́ ìràwọ̀ kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà, kò ṣe nǹkan kan, kò ṣe nǹkan kan, ó ti di pé mo ń rò pé a ti pàdánù rẹ̀, ló bá kú pii. Kò rọra ṣókùnkùn, ó kú bí ìgbà tí NEPA mú iná. Mo kà dé mẹ́fà kó tó tún tàn. Ẹnì kejì mi ka mẹ́rin. Òjìji náà ń sáré bíi kìlómítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà níbi tí mo dúró sí, òkúta náà fẹ̀ tó 72. Níbi tí òun dúró sí, 48, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Bí èèyàn mẹ́wàá bá tò báyẹn, a ti ya àwòrán òkúta nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí òkúta. Lóru mìíràn, aago tí mo lò fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú, ó sì fi kìlómítà mẹ́fà gbé ipò òkúta náà kúrò níbi tó wà. Látìgbà náà ni mi ò ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ aago.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Arrokoth nìyẹn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le ju tèmi lọ fíìfíì, nítorí òjìji rẹ̀ kéré, ó sì ń sáré ju kìlómítà 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sẹ́jú lè má rí i. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n to ọ̀pọ̀ awò sí Gúúsù Áfíríkà àti Argentina. Kò sí ọ̀kan tó rí nǹkan kan. Mo rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rú wa lójú: ṣé ó kéré ju bí a ṣe rò lọ ni, àbí ibi tí a dúró sí kọ́ ló gbà kọjá? Wọ́n fi Hubble tún ibi tó wà wò, wọ́n tún ìṣirò ṣe, wọ́n sì pa dà sí Argentina ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje, sí agbègbè Comodoro Rivadavia, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń jà bí ìjì. Ohun tí àwọn ará ìlú yẹn ṣe máa ń wú mi lórí. Wọ́n pa iná títì. Ìjọba ibẹ̀ ti ọ̀nà márosẹ̀ fún wákàtí méjì kí iná ọkọ̀ má baà ba ìríran jẹ́. Àwọn awakọ̀ gbé ọkọ̀ ńlá wọn wá dí afẹ́fẹ́ kí awò má baà gbọ̀n. Awò mẹ́rìnlélógún ló tò síbẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì rí i tí ìràwọ̀ náà kú. Nígbà tí wọ́n to márùn-ún yẹn pọ̀, wọ́n fojú bù ú pé òkúta náà kò ju 30 lọ ní gígùn, àti pé ó jọ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín 15 sí 20. 30 tí ọmọ yín rí nìyẹn. Wọ́n tún dúró dè é ní Senegal ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, láàárín òjò, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ sánmà Senegal bíi Maram Kaire. Ó dùn mọ́ mi pé ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nínú iṣẹ́ náà, pé àwọn ọmọ ibí náà di awò mú lóru ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 2019, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní àkókò Nàìjíríà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn àìsùn ọdún tuntun dé, New Horizons gba ẹ̀gbẹ́ Arrokoth kọjá ní nǹkan bí kìlómítà 3,500 sí i. Ìrọ̀lẹ́ ni ìró rẹ̀ tó dé ayé pé òun ti kọjá láìfarapa. Àwòrán àkọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù méjì hàn, ńlá àti kékeré, tó so pọ̀ ní ọrùn, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo ayé sọ pé bọ́ọ̀lù méjì ni. Oṣù kejì ni àwòrán tí ọkọ̀ náà yà nígbà tó ti kọjá tó tún wẹ́yìn wá jáde, a wá rí i pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ńlá yẹn rí pẹrẹsẹ bí màsà, kékeré náà rí bí àsálà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ti fẹnu sọ bọ́ọ̀lù jáde ló tún fẹnu ara wọn yí i pa dà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ ni pé gígùn rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 36, ìbú rẹ̀ bíi 20, nínípọn rẹ̀ bíi 10. Ẹ̀yin tó wà ní Iléṣà, ó fi díẹ̀ gùn ju ọ̀nà yín dé Ifẹ̀ lọ. 18 tí ẹ rí kò sì ta ko 36. Bí ẹ bá po gbogbo ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀bà kí ẹ ṣù ú roboto, bíi 18 ni ìbú òkèlè náà máa jẹ́. Ó sì ń dá bíi 21 pa dà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ó mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò ní 2014 lọ, ìdí tí 45 fi ga jù nìyẹn.

Nínú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínípọn ni kò dá mi lójú tó àwọn yòókù. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ náà rí dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kejì wà nínú òkùnkùn, ìràwọ̀ tó ń kú lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń gba iwájú wọn kọjá ni wọ́n fi mọ ààlà rẹ̀. A kò sì tíì wọn bó ṣe wúwo tó. Láti wọn òkúta, ó gbọ́dọ̀ ní òṣùpá tirẹ̀ tó ń yí i ká, tàbí kí ó fa ọkọ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá débi tí a fi máa mọ̀ ọ́n lára. Wọn kò rí òṣùpá kankan, ọkọ̀ náà sì yára jù. Àwọn tó ń sọ bó ṣe wúwo tó ń gba ọ̀nà mìíràn, bí wọ́n ṣe ro pé ó yẹ kí ọrùn tó so méjèèjì pọ̀ lágbára tó, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ kọ ìyẹn sínú iṣẹ́ àṣetiléwá bí ohun tó dájú.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà á, kó fọkàn balẹ̀. Ibi tí Arrokoth ti súnmọ́ oòrùn jù lọ nínú gbogbo ìyípo rẹ̀ ṣì jẹ́ ìlọ́po bíi 42.7 ọ̀nà ayé sí oòrùn. Ibi tó jìnnà jù ni bíi 46.4. Neptune gan-an kò bá a pàdé, ká má tíì sọ ayé. Bó ṣe ń yí náà nìyẹn láti nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Àwọn òkúta tó yẹ ká máa ṣọ́ ni àwọn tí ọ̀nà wọn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ayé, àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ wọn lóru gbogbo.

Bí mo bá jẹ́ ọmọ yín, ohun tí máa kọ ni pé Arrokoth gùn ní bíi kìlómítà 36, ó fẹ̀ ní bíi 20, ó nípọn ní bíi 10. Pé ó ń yí oòrùn ká láàárín ọdún 298, ní ìlọ́po 44.6 ọ̀nà ayé sí oòrùn. Kí ó kọ ọdún tí wọ́n sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 45 ti 2014, 30 ti 2017, 36 ti 2019, kí olùkọ́ rẹ̀ lè rí bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Bí olùkọ́ bá sì bi í pé ta ló dúró ka ọdún 298, kó fi kakulétọ̀ ṣírò rẹ̀ níwájú rẹ̀.